Sẹ́ńsọ̀ Tuntun Tí Kò Jókòó Dáadáa

Nínú gbogbo ohun tí olówó ọkọ̀ lè fọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ nílé, sẹ́ńsọ̀ ẹ́ńjìnnì wà lára àwọn tó rọrùn jù lójú. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ju bóòtù kan ṣoṣo lọ. Tú bóòtù, yọ ẹnu wáyà, fa ògbólógbòó jáde, ti tuntun wọlé, ó parí. Ìrọ̀rùn yìí gan-an ló ń ṣini lọ́nà. Lójú tèmi, ìjókòó sẹ́ńsọ̀ ni ojúlówó iṣẹ́ náà, ẹni tí kò bá sì yẹ ìjókòó ọ̀hún wò kò tíì parí iṣẹ́. Mo tiẹ̀ lè sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ: tuntun tí kò jókòó dáadáa burú ju ògbólógbòó tó ti bàjẹ́ lọ, nítorí ògbólógbòó ṣì ń jẹ́ ká fura sí i. Ẹni tó bá ti ra sẹ́ńsọ̀, tó ti fi í sí ọkọ̀, tí ọkọ̀ kò sì yé kú lójú ọ̀nà, kò ní yẹ ibẹ̀ wò mọ́. Yóò ní ti sẹ́ńsọ̀ kọ́. Yóò ra pọ́ǹpù epo, yóò ra kọ́ìlì, wọ́n á ní kó lọ wá brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, owó á máa jáde, bẹ́ẹ̀ àlàfo tín-ín-rín tí ojú lásán kò fi bẹ́ẹ̀ rí ló ń fa gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹyọ kan yẹ̀ wò fínnífínní. Nínú àwọn Toyota Corolla ọdún 2003 sí 2008 tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, tí wọ́n wá di tòkunbọ̀ ní ìgboro Èkó àti Ìbàdàn, ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE ló wọ́pọ̀ jù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ púlì ńlá tó wà nísàlẹ̀, níbi tí fáńbẹ́líìtì ti ń yí, ni sẹ́ńsọ̀ kíráńkì rẹ̀ wà. Òòfà ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú wáyà bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n wé. Imú rẹ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì, ó dojú kọ àwo irin kan tó ní eyín yíká, tó ń bá kíráńkì yí, ìyẹn ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì. Àyè eyín 36 ló wà lára àwo yìí, ṣùgbọ́n eyín 34 ni wọ́n gé sí i. Wọ́n dìídì fo méjì ni. Bí eyín kọ̀ọ̀kan bá ti ń kọjá níwájú imú sẹ́ńsọ̀, agbára òòfà ń yí padà, iná kékeré kan á sì jáde nínú wáyà. Àwọn iná kéékèèké wọ̀nyí ni brain box ń kà. Ibi tí eyín méjì ti sọnù ló fi ń mọ ibi tí kíráńkì dé, òun náà ló sì fi ń pinnu ìgbà tí púlọ́ọ̀gì yóò ṣáná àti ìgbà tí ìńjẹ́tọ̀ yóò fọ́n epo. Bí ìròyìn yìí kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, sítátà á máa yí ẹ́ńjìnnì lásán, bí epo bá tilẹ̀ kún táǹkì, ọkọ̀ kò ní gbaná.

Imú sẹ́ńsọ̀ yìí kò gbọ́dọ̀ kan eyín, kò sì gbọ́dọ̀ jìnnà sí i. Àlàfo tó wà láàárín wọn kì í sábà ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ. Ohun méjì ló ń pinnu bí iná tó ń jáde yóò ṣe lágbára tó: bí eyín ṣe ń yára kọjá, àti bí imú sẹ́ńsọ̀ ṣe sún mọ́ ọn. Nígbà tí ọkọ̀ bá wà lójú kan tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́, kíráńkì ń yí tó ìgbà 700 ní ìṣẹ́jú kan. Lójú ọ̀nà, ó lè ju 2,000 lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí sítátà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí i, ó lè má ju nǹkan bí 200 lọ. Ìgbà yẹn ni iná sẹ́ńsọ̀ kéré jù lọ. Ká wá ní iyẹ̀pẹ̀ tàbí àjákù rọ́bà kan wà lábẹ́ etí sẹ́ńsọ̀ tó gbé e sókè ní mìlímítà kan péré, àlàfo ti di ìlọ́po méjì nìyẹn, iná tó kéré tẹ́lẹ̀ á sì kéré dé ibi tí brain box kò fi ní rí i kà mọ́.

Ìdí nìyí tí àmì àkọ́kọ́ tí sẹ́ńsọ̀ tí kò jókòó máa ń fi hàn fi jọ àìsàn bátìrì. Láàárọ̀, ọ́ìlì ṣì ki, bátìrì ti rẹ̀ díẹ̀, sítátà ń fa ẹ́ńjìnnì tìkọ̀tìkọ̀, ọkọ̀ á yí títí kó tó gbaná. Bó bá ti wá gbaná, eyín á máa yára, iná á lágbára, gbogbo nǹkan á lọ geere títí di ọjọ́ kejì. Bí olówó ọkọ̀ bá pààrọ̀ bátìrì, sítátà á yí i kíkankíkan, ọkọ̀ á gbaná lẹ́ẹ̀kan náà, olúwarẹ̀ á sì máa sọ fún aráyé pé bátìrì ló ń dà á láàmú látilẹ̀wá. Àlàfo ṣì wà níbẹ̀. Yóò tún yọjú ní ọjọ́ tí bátìrì tuntun náà bá rẹ̀.

Kì í ṣe sẹ́ńsọ̀ kíráńkì nìkan lọ̀rọ̀ yìí bá. Sẹ́ńsọ̀ tó ń gbọ́ ìró kíkan inú ẹ́ńjìnnì, èyí tí wọ́n ń pè ní knock sensor, ń ṣiṣẹ́ bí ìgbà téèyàn fi etí lé ògiri láti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ní yàrá kejì: ara irin ẹ́ńjìnnì gan-an ló ń gba ohùn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ìpẹtà, ọ̀dà, gíríìsì tàbí wáṣà tí kò yẹ bá wà láàárín òun àti irin, ohun tó ń gbọ́ á yí padà. Nítorí náà ni àwọn tó ṣe é fi ń sọ iye agbára tí a ó fi fún bóòtù rẹ̀, tí ó sábà máa ń wà ní àgbègbè 20 newton-mita. Bó bá dẹ̀ jù tàbí bó bá le jù, ìròyìn èké ni yóò máa mú wá. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó wà lára páìpù èéfín náà ńkọ́? Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá fún, atẹ́gùn ìta á gba ibẹ̀ wọlé, sẹ́ńsọ̀ á rí ọ́síjìn tí ẹ́ńjìnnì kò mọ̀ nípa rẹ̀, á sì ròyìn pé epo kò tó. Brain box tó gbà á gbọ́ á máa bu epo sí i. Bẹ́ẹ̀ ni èyí tó ń wọn atẹ́gùn lẹ́yìn fíltà: bí òrùka rọ́bà rẹ̀ bá ká tàbí bó bá já, atẹ́gùn tí a kò wọ̀n á yọ́ wọlé, kóòdù P0171, tó ń sọ pé epo kò tó, á sì yọ. Nínú gbogbo wọn, sẹ́ńsọ̀ lè jẹ́ ojúlówó, kó jẹ́ tuntun, kó sì máa purọ́ nítorí ibi tó jókòó sí.

Ìjókòó tún wà níbòmíràn tí a kì í sábà ronú kàn, ìyẹn ẹnu wáyà. Kóòdù ló sábà máa ń mú wa gbójú fò ó. Láti ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti fi dandan lé e pé kí gbogbo ọkọ̀ kéékèèké tuntun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ní ojú ihò onípíìnì 16 tí a lè ki sikánà, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù, bọ̀, tí yóò sì fi kóòdù ọ̀kan náà sọ̀rọ̀. Àǹfààní ńlá ni fún àwa tí tòkunbọ̀ wọn ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń ka kóòdù bí ìdájọ́. P0335 kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ kíráńkì ti kú. Ohun tó sọ ni pé ìṣòro wà ní ojú ọ̀nà iná sẹ́ńsọ̀ náà, ojú ọ̀nà yẹn sì bẹ̀rẹ̀ láti imú sẹ́ńsọ̀, ó gba ẹnu wáyà kọjá, ó gba gbogbo wáyà tó gùn dé brain box. Eku lè ti jẹ ẹ́ níbì kan. Rewáyà lè ti so ó pọ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, kí téèpù tó fi wé e ti máa ṣí. Ọ́ìlì lè ti rin ín gbingbin. Nítorí náà, kí a tó ra ohunkóhun, kí a kọ́kọ́ yọ ẹnu wáyà, kí a wo píìnì inú rẹ̀ bóyá ó ti dúdú tàbí ó ti wọ́, kí a nù ún, kí a tì í padà kó dún. Nígbà mìíràn, gbogbo iṣẹ́ náà á parí síbẹ̀, láì ná kọ́bọ̀.

Bó bá wá di rírà, ọjà Ládípọ̀ àti àwọn bíi tirẹ̀ ní oríṣiríṣi: ojúlówó, ayédèrú inú páálí ojúlówó, àti Bẹ́ljíọ̀mù tí wọ́n tú lára ọkọ̀ mìíràn. N kò ní bá ẹni tó ra Bẹ́ljíọ̀mù jà, nítorí mo ti mọ iye tí tuntun jẹ́. Ohun tí mo ní kó ṣe ni kó gbé ògbólógbòó àti èyí tó rà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ó tó fi èyíkéyìí sínú ẹ́ńjìnnì. Ṣé imú wọn gùn bákan náà láti etí dé ṣóńṣó? Ṣé ihò bóòtù wà lójú ibi kan náà? Píìnì mélòó ló wà lẹ́nu wọn? Sẹ́ńsọ̀ tí imú rẹ̀ kúrú díẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ á wọlé pẹ̀lú ìrọ̀rùn, bóòtù á fún, ẹnu wáyà á gba ara wọn, kò sì ní jókòó láé, nítorí ibi tó yẹ kí imú rẹ̀ dé kò lè dé e.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá, kí a sì tú orí négétíìfù bátìrì. Bó bá di dandan láti wọ abẹ́ ọkọ̀, jáàkì nìkan kò ṣeé fi ẹ̀mí lé lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ irin tí wọ́n ṣe fún gbígbé ọkọ̀ dúró ni a ó fi tì í. Lẹ́yìn náà ló kan iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ máa ń fò, ìyẹn nínu àyíká sẹ́ńsọ̀ kí a tó tú bóòtù rẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ àti ọ́ìlì ti dì pọ̀ lábẹ́ ọkọ̀ wa. Bí a bá fa sẹ́ńsọ̀ yọ láì nu ibẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ yẹn á já sínú ẹ́ńjìnnì, tàbí kó dúró síbi tí etí tuntun fẹ́ jókòó lé. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ àti àkísà tó mọ́ ti tó fún un. Bí bóòtù bá ti jáde, kí a má fi sikurudíráfà ta sẹ́ńsọ̀ sókè. Ṣe ni ká máa lọ́ ọ sọ́tùn-ún sósì jẹ́jẹ́ títí yóò fi tú, ká máa fà á bí a ti ń lọ́ ọ. Ọ́ìlì díẹ̀ lè kán tẹ̀ lé e, kò burú.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ó wò lára èyí tó jáde ni òrùka rọ́bà dúdú tó wà lọ́rùn rẹ̀, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní óríǹgì. Ṣé ó bá a jáde? Rọ́bà tí ooru ti pa fún ọdún púpọ̀ á gan bí ike, á sì lẹ̀ mọ́ inú ihò nígbà tí sẹ́ńsọ̀ bá ń jáde. Ẹni tó bá ti tuntun wọlé láì wo ibẹ̀ ti fi rọ́bà méjì síbi tí wọ́n ṣe fún ọ̀kan nìyẹn, etí sẹ́ńsọ̀ kò sì ní kanlẹ̀ láé. Tọ́ọ̀ṣì àti ìka ọwọ́ la fi ń wá a: ká fi ìka yí inú ihò ká, ohunkóhun tó bá ga níbẹ̀ kì í ṣe ti ibẹ̀. Ká tún wo imú ògbólógbòó. Ìyẹ̀fun irin tín-ín-rín tó lẹ̀ mọ́ ọn kì í ṣe nǹkan tuntun, òòfà ló fà á. Ṣùgbọ́n bí imú náà bá ní ojú ìfà, bí ẹni pé nǹkan ń họ ọ́, a jẹ́ pé eyín ti ń kàn án. Fífi sẹ́ńsọ̀ mìíràn síbẹ̀ láì mọ ìdí rẹ̀, owó ni a fẹ́ sọ nù.

Fún tuntun, ká fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì díẹ̀ pa òrùka rọ́bà rẹ̀ kó lè yọ̀, kó má baà ká tàbí kó ya. Ká wá fi ọwọ́ tì í, ká máa lọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, títí etí rẹ̀ yóò fi pàdé ara irin yíká. Ọwọ́ ni mo wí. Bí etí rẹ̀ kò bá kanlẹ̀ nígbà tí a fi ọwọ́ tì í, bóòtù kọ́ ni yóò yanjú rẹ̀. Àwọn kan á ní bóòtù á fà á wọlé, òótọ́ sì ni pé bóòtù lè fà á. Ṣùgbọ́n bóòtù kò mọ ohun tó ń dènà. Bó bá jẹ́ rọ́bà àtijọ́, á tẹ̀ ẹ́ pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, sẹ́ńsọ̀ á fì. Bó bá jẹ́ pé imú ló gùn jù, á tì í lu eyín. Bí kò bá sì rí ibi tì í sí, etí ike á là. Nítorí náà, ká tan tọ́ọ̀ṣì lápá kan etí náà ká sì wò ó lápá kejì. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ lábẹ́ rẹ̀, ká fà á jáde ká wádìí. Ìgbà tí kò bá sí ìmọ́lẹ̀ mọ́ ni a ó fi ìka yí bóòtù wọlé, sípánà 10 á sì wá fún un kẹ́yìn. Nǹkan bíi newton-mita 9 ni wọ́n kọ fún ti 1ZZ-FE, èyí tí kò tó ìdá mẹ́wàá agbára tí a fi ń fún nọ́ọ̀tì táyà ọkọ̀ kan náà. Ẹni tí kò ní sípánà tó ń wọn agbára lè di sípánà kékeré mú nítòsí orí rẹ̀, kó má di ìdí rẹ̀ mú, kó sì dúró ní kété tí bóòtù bá ti kọ̀.

Ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ wọ ibí yìí, nítorí àṣà tó ti gbilẹ̀ ni. Wọ́n á ní kí ọ́ìlì má baà jò, kí a pa gọ́ọ̀mù yí etí sẹ́ńsọ̀ ká. Òrùka rọ́bà ni wọ́n ṣe láti dá ọ́ìlì dúró, bó bá sì pé, kò fẹ́ olùrànlọ́wọ́. Gọ́ọ̀mù nípọn, ìnípọn yẹn sì ń fi kún àlàfo tí a ti ń sọ bọ̀ látòkè. Yàtọ̀ sí èyí, èéfín irú gọ́ọ̀mù sílíkóònù kan ń ba sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn jẹ́, bí ẹni tó tún ọ̀kan ṣe tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa èkejì.

Lẹ́yìn èyí, ẹnu wáyà á wọ ara wọn títí yóò fi dún kẹ́, a ó sì fà á wò díẹ̀ láti mọ̀ pé ó ti kọ́. Wáyà gbọ́dọ̀ padà sínú ìdè rẹ̀, kó jìnnà sí fáńbẹ́líìtì àti sàléńsà.

Ìgbà yìí ni ọ̀pọ̀ á ṣíná ọkọ̀, tí ó bá sì ti gbaná, wọ́n á fọwọ́. Wọ́n á béèrè pé ẹ̀rí wo la tún ń wá? Mo ti sọ ọ́ lókè pé ọkọ̀ tí bátìrì rẹ̀ lágbára lè gbaná kí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ má sì jókòó. Iná check engine tó kú náà kì í ṣe ẹlẹ́rìí, nítorí títú bátìrì sílẹ̀ nìkan ti tó láti pa á fúngbà díẹ̀. Àwọn mìíràn á gbé mítà, wọ́n á wọn ohms sẹ́ńsọ̀, wọ́n á ní ó pé. Ó lè pé lóòótọ́. Wáyà bàbà inú rẹ̀ ni mítà ń wọ̀n, mítà kò mọ ibi tí sẹ́ńsọ̀ jókòó sí. Ẹ̀rí tó wà fún ìjókòó ni kí a ki sikánà bọ̀ ọ́, kódà èyí kékeré tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀, kí a ṣí ojú ewé tó ń fi RPM hàn, ìyẹn iye ìgbà tí kíráńkì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹlòmíràn wá yí sítátà. Nọ́ńbà gbọ́dọ̀ jáde bí sítátà ṣe ń yí, nǹkan bí 200, kó sì dúró bákan náà. Bó bá ń jẹ́ òdo, tàbí tó ń fò láti 0 sí 180 sí 0, ìròyìn kò dé dáadáa, ì báà jẹ́ pé ọkọ̀ gbaná níkẹyìn. Lẹ́yìn náà ni ká jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, ká pa á, ká tún ṣíná rẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná, nítorí sẹ́ńsọ̀ tí kò dára àti ẹnu wáyà tó dẹ̀ sábà máa ń tú àṣírí ara wọn nínú ooru, àní irú èyí tó ń pa ọkọ̀ nínú gó-sìlóò tí yóò sì tún gbaná bó bá tutù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ká fi tọ́ọ̀ṣì wo ibẹ̀ bóyá ọ́ìlì jò. Àwọn ọkọ̀ mìíràn wà, bí àwọn Honda àti GM kan, tí sikánà gbọ́dọ̀ kọ́ ní bí kíráńkì wọn ṣe ń yí lẹ́yìn ìpààrọ̀. Ìwé ọkọ̀ ló máa ń sọ èyí.

Àtakò tó le jù ni ti àwọn tó ní iṣẹ́ mẹkáníìkì ni ká fi sílẹ̀ fún mẹkáníìkì. N kò fojú di ìmọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ jù ni sùúrù, ọkọ̀ mẹ́ta tó tò sẹ́yìn kì í sì í jẹ́ kí mẹkáníìkì dúró de ẹ́ńjìnnì kó tutù. Olówó ọkọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo sẹ́ńsọ̀ ló yẹ nílé. Èyí tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì lórí gíàbọ́ọ̀sì, sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tí ìpẹtà ti so mọ́ páìpù, àti ohunkóhun tó jẹ mọ́ airbag, kí ẹ gbé wọn lọ fún ẹni tó ní irinṣẹ́. Bí ẹ bá sì gbé ọkọ̀ lọ, ẹ dúró níbẹ̀, kí ẹ ní kó fi RPM hàn yín lórí sikánà bí sítátà ti ń yí, kí ẹ tó sanwó iṣẹ́.